Rótìmí Fani-Káyọ̀dé: Ayafọ́tò Ọmọ Ifẹ̀ Tó Mọ Iye Ìmọ́lẹ̀ Tó Yẹ Àwọ̀ Dúdú

Ní àdúgbò wa níbí, ní Shooters Hill, àti ní ìsàlẹ̀ òkè lọ́dọ̀ àwọn ará Woolwich àti Thamesmead, ó ṣòro kí òpin ọ̀sẹ̀ kọjá kí ẹnìkan má ṣe ìkómọ, tàbí kí ẹlòmíràn má ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún. Níbi tí àríyá bá sì wà, ẹjọ́ kan náà ni a máa ń dá: ṣé ká san owó fún ayafọ́tò tó ní kámẹ́rà gidi, àbí ká jẹ́ kí àwọn ọmọ fi fóònù ọwọ́ wọn yà á? Àwọn ọ̀dọ́ ní fóònù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kámẹ́rà. Àwọn àgbà ayafọ́tò ní irọ́ ni, pé ẹni tí kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí nǹkan inú kámẹ́rà kò tíì ya fọ́tò.

Èmi kì í ṣe ayafọ́tò. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo fi ń jẹun, ìwé owó ni mo sì mọ̀ ọ́n kà. Ṣùgbọ́n mo ti ka ìtàn ọmọ wa kan tó fi kámẹ́rà aláfọwọ́yí ṣiṣẹ́ ní London yìí, mo sì rí i pé ìgbésí ayé rẹ̀ dá ẹjọ́ yìí ju ìwé iye owó tó wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ. Orúkọ rẹ̀ ni Rótìmí Fani-Káyọ̀dé. Ọ̀pọ̀ wa mọ orúkọ ìdílé náà nítorí òṣèlú. Àwọn tó mọ Rótìmí fúnra rẹ̀ kò pọ̀ láàárín wa, bẹ́ẹ̀ àwọn òyìnbó tó ń bójú tó ilé iṣẹ́ ọnà ńlá ńlá mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ọmọ ta ni?

Olúwarótìmí Adébíyìí Wahab Fani-Káyọ̀dé ni wọ́n bí ní Èkó ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 1955. Bàbá rẹ̀ ni Olóyè Rẹ̀mí Fani-Káyọ̀dé, lọ́yà àti olóṣèlú, Balógun Ifẹ̀, tí àwọn èèyàn ìgbà náà ń pè ní Fani-Power. Àwọn ni wọ́n gbé àbá òmìnira Nàìjíríà kalẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní 1958. Nígbà tó yá, wọ́n di igbákejì Olóyè S. L. Akíntọ́lá, Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ìdílé náà ní oyè Akirè ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sì wà lára àwọn tí ìtọ́jú ojúbọ òrìṣà wà lọ́wọ́ wọn. Nínú ìdílé kan náà yìí ni àlùfáà Ìjọ Áńgílíkà ti jáde. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa: Bíbélì wà ní pálọ̀, àṣà àwọn baba ńlá sì wà ní ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀ dáadáa. Rótìmí, dúró tì mí. Orúkọ tí a máa ń sọ ọmọ tí a ń bẹ̀ kó má padà lọ ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà débẹ̀.

Ní òru tó mọ́ ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966, àwọn sójà tó fẹ́ fi ipá gba ìjọba wọ ilé wọn ní Ìbàdàn, wọ́n sì mú Olóyè Rẹ̀mí lọ. Ilé Olóyè Akíntọ́lá ni wọ́n gbà kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n ti pa Akíntọ́lá. Wọ́n wá gbé bàbá Rótìmí lọ sí Èkó, níbi tí àwọn sójà tó ṣì wà lẹ́yìn ìjọba ti gbà wọ́n sílẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìdílé náà kó wá sí Brighton, ní etí òkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Rótìmí kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá. Ọmọ tó ń jẹun nílé olóyè lánàá ti di àjèjì ní ilé ìwé àwọn òyìnbó. Ó lọ sí Brighton College, ó sì tún lọ sí Millfield ní Somerset.

Ohun tí òbí fẹ́, ohun tí ọmọ ṣe

Ní 1976, ó sọdá sí Amẹ́ríkà. Ó wọ Yunifásítì Georgetown ní Washington, ó kọ́ ẹ̀kọ́ ọrọ̀-ajé pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ọnà, ó sì gba oyè ní 1980. Ẹ̀yin tí òbí yín rán lọ sí òkè òkun lè mọ ohun tó wà nídìí ọrọ̀-ajé yẹn. Lọ́yà, dókítà, ẹnjiníà, oníṣirò owó: orin tí wọ́n kọ sí gbogbo wa létí nìyẹn. Èmi gbọ́ orin náà, mo jó o, mo sì ń jẹ èrè rẹ̀ títí dòní. Rótìmí fi ẹsẹ̀ kan jó o, ó sì fi ẹsẹ̀ kejì rìn lọ sí ibi tó wù ú. Láti Georgetown, ó lọ sí Pratt Institute ní Brooklyn, New York, níbi tó ti gba oyè kejì nínú iṣẹ́ ọnà ní 1983. Ní New York yẹn ló ti mọ Robert Mapplethorpe, ayafọ́tò òyìnbó tí òkìkí rẹ̀ ti ń kàn nígbà náà.

Lọ́dún 1983 náà ló padà sí London, ó sì fi Brixton ṣe ibùgbé. Ọdún 1981 ni ìjà ńlá ti ṣẹlẹ̀ ní Brixton láàárín àwọn ọ̀dọ́ dúdú àti ọlọ́pàá, òmíràn sì tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1985. Inú ìgboro yẹn ni Rótìmí gbé, tó ń ya fọ́tò, pẹ̀lú Alex Hirst, òyìnbó tó jẹ́ olùfẹ́ rẹ̀ àti alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Rótìmí jẹ́ ọkùnrin tó fẹ́ràn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì fi pamọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò le létí àwọn kan nínú wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin yìí tó sì yọ èyí kúrò, ìwé tó kọ kò pé, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá yọ gbèsè kúrò nínú ìwé owó kí èrè lè dára lójú.

Ní 1988, ó kọ àròkọ kan sínú Ten.8, ìwé ìròyìn àwọn ayafọ́tò. Ó ṣàlàyé níbẹ̀ pé ọ̀nà mẹ́ta ni òun fi jẹ́ ará ìta: nítorí irú ẹni tí òun fẹ́ràn, nítorí pé òun ti kúrò ní ilẹ̀ àti àṣà òun, àti nítorí pé òun kò di oníṣẹ́ ọ̀wọ̀ tó fẹ́yàwó tó sì bímọ bí òbí òun ṣe lè máa retí. Nígbà tí mo ka ẹ̀kẹta yẹn, mo gbé ìwé náà sílẹ̀ ná. Èmi ni ọmọ tí irú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ ń retí. Wọ́n rí mi, wọn kò rí i.

Ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ wa

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun tí kámẹ́rà aláfọwọ́yí jẹ́ díẹ̀, kí ẹ lè mọ ohun tí ọkùnrin yìí ń ṣe.

Ohun mẹ́ta ni ayafọ́tò ń yí. Èkíní ni ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Tó bá ṣí i láti f/8 sí f/5.6, ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì. Èkejì ni iye àkókò tí ilẹ̀kùn inú kámẹ́rà fi máa ṣí. Tó bá yí i láti ìdá kan nínú 60 ìṣẹ́jú-àáyá sí ìdá kan nínú 30, ìyẹn náà di ìlọ́po méjì. Ẹ̀kẹta ni bí fíìmù ṣe tètè ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra. Ohun tí o bá fi kún ọ̀kan, o lè yọ ọ́ lára èkejì, bí ìwé owó tó ní apá ọ̀tún àti apá òsì. Ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ohun tó ń fà. Ihò tó tóbi máa ń jẹ́ kí ẹ̀yìn ẹni tí à ń yà rí fúlẹ́fúlẹ́. Àkókò tó pẹ́ máa ń jẹ́ kí ọwọ́ tó ń mì rí bí èéfín. Ayafọ́tò ló máa yan èyí tó fẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an rè é. Ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ fún kámẹ́rà kò mọ ohun tó ń wò. Wọ́n ṣe é kó ka gbogbo ohun tó bá rí sí àwọ̀ eérú, àárín dúdú àti funfun. Gbé e síwájú ìyàwó tó wọ aṣọ funfun, yóò dín ìmọ́lẹ̀ kù títí aṣọ yóò fi rí bí èyí tí a kò fọ̀ mọ́. Gbé e síwájú ọkùnrin dúdú tó dúró níwájú aṣọ dúdú, yóò da ìmọ́lẹ̀ lé e lórí títí ara rẹ̀ yóò fi rí bí ẹni tó fi eérú para. Àwọn tó ń fọ fọ́tò aláwọ̀ náà ní tiwọn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwòrán obìnrin òyìnbó kan tí wọ́n ń pè ní káàdì Shirley ni àwọn ibi ìfọ-fọ́tò tó ń lo ọjà Kodak fi ń díwọ̀n àwọ̀. Bí ara Shirley bá ti dára, wọ́n ní fọ́tò ti dára nìyẹn. Ẹ wo álúbọ́ọ̀mù àtijọ́ tiyín, ẹ wo fọ́tò kíláàsì tí ọmọ dúdú kan ṣoṣo wà láàárín òyìnbó: eyín àti ojú nìkan ló máa ń hàn.

Rótìmí kò jẹ́ kí ẹ̀rọ kankan pinnu èyí fún un. Ẹ wo àwọn fọ́tò dúdú àti funfun tó yà láàárín 1983 sí 1989. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ onígun mẹ́rin tó dọ́gba, irú èyí tó máa ń jáde láti inú kámẹ́rà fíìmù tí ojú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6 sí 6. Fíìmù kan nínú irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀, fọ́tò 12 péré ló ń gbà. Kì í ṣe pé o máa ya 300 kó o tó yan ọ̀kan. Nínú fọ́tò rẹ̀, ẹ ó rí ọkùnrin dúdú níwájú òkùnkùn. Ìmọ́lẹ̀ á ti ẹ̀gbẹ́ kan wá, á fi ọwọ́ ra èjìká, ra ẹ̀yìn, ra etí, á sì fi ìyókù sílẹ̀ fún òkùnkùn. Dúdú náà kò di eérú, bẹ́ẹ̀ ni kò di odindi òkùnkùn tí a kò rí nǹkankan nínú rẹ̀. Awọ ara ń dán bí igi tí wọ́n fi epo pa. Kò sí bí ẹni tó ń tẹ̀ lé ohun tí ẹ̀rọ bá wí yóò ṣe rí irú rẹ̀ yà. Ó ní láti wọn ìmọ́lẹ̀, kó tún sọ fún ara rẹ̀ pé ohun tí ẹ̀rọ wí kọ́ ni òun máa ṣe. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ yàrá òkùnkùn, níbi tí a ti ń fi ọwọ́ dáàbò bo ibì kan, tí a ń fún ibòmíràn ní ìmọ́lẹ̀ sí i.

Òrìṣà ní Brixton

Ohun tó ń yà kò rọrùn fún gbogbo ojú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn inú fọ́tò náà wà ní ìhòòhò, èmi kò sì ní sọ pé kí ẹ gbé e ka orí tábìlì níwájú àwọn àgbà ìjọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá tó wò ó dáadáa máa rí ohun tí òyìnbó kò lè tètè rí. Fọ́tò kan wà tó yà ní 1987 tó sọ ní orúkọ Ṣọ̀pọ̀nná. Wọ́n kun ara ọkùnrin kan ní àmì tótòtó, iná àbẹ́là sì ń jó níwájú rẹ̀. Gbogbo wa mọ ẹni tí ó ni àmì tótòtó. Ní ilé wa, orúkọ yẹn, a kì í pè é lásán. Ọdún tó yà á yẹn, àrùn éèdì ń pa àwọn ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ irú wọn ní London àti New York, àwọn ènìyàn sì ń sá fún aláìsàn bí wọ́n ṣe ń sá fún ẹni tí ilẹ̀ gbígbóná mú láyé àtijọ́. Ó lọ mú òrìṣà tí àwọn baba wa fi ń bá irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ó gbé e wá sí London.

Ní ọdún 1987 yẹn náà ló fi orí idẹ Ifẹ̀ sínú fọ́tò kan. Ní 1988, ó ṣe iṣẹ́ tó pè ní Àbíkú. Ẹ rántí orúkọ rẹ̀ tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Dúró-tì-mí ló ń ya àbíkú, ní ìgbà tí ikú ń rìn káàkiri láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó kúrò nílé kó tó pé ọmọ ọdún méjìlá ni o. Kò gbàgbé.

Kò dá nìkan ṣiṣẹ́. Ní 1988, òun àti àwọn ayafọ́tò dúdú àti àwọn ọmọ ilẹ̀ Éṣíà dá ẹgbẹ́ Autograph sílẹ̀ ní Brixton, ẹgbẹ́ àwọn ayafọ́tò dúdú. Òun ni alága àkọ́kọ́. Ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ kò fara sin: àwọn ilé àfihàn ńlá kì í gbà wọ́n wọlé, ẹlòmíràn ló sì ń ya àwòrán àwọn èèyàn dúdú fún ìwé ìròyìn, bó ṣe wù ú. Lọ́dún yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ Gay Men's Press tẹ ìwé fọ́tò rẹ̀ jáde, Black Male/White Male. Ọdún náà sì ni ìjọba ilẹ̀ yìí ṣe òfin tí wọ́n ń pè ní Section 28, tó ní kí ìjọba ìbílẹ̀ má ṣe gbé irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ lárugẹ. Òfin náà wà ní England títí di 2003.

Ní 1989, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn fọ́tò aláwọ̀ mèremère, tó ní èso, òdòdó, ìyẹ́ àti ìbòjú nínú. Ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ náà ni. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1989, ọkàn rẹ̀ dá iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tó ń gba ìtọ́jú fún àìsàn tó wé mọ́ éèdì. Ọmọ ọdún 34 ni. Ọdún 1996 ni àwọn dókítà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo àkópọ̀ oògùn tó ń jẹ́ kí ẹni tó ní àrùn náà lè dàgbà di arúgbó. Alex Hirst náà kú ní 1992. Ẹ ṣírò rẹ̀: láti ìgbà tó padà sí London títí ó fi kú, ọdún mẹ́fà péré ni. Inú ọdún mẹ́fà yẹn ni gbogbo iṣẹ́ tí à ń sọ yìí wà.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ohun tó gbìn dàgbà. Ní 2003, wọ́n fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn níbi àfihàn àwọn ọmọ Áfíríkà ní Venice, ní ilẹ̀ Ítálì. Ní 2007, Autograph kó lọ sí ilé tí wọ́n kọ́ tuntun ní Rivington Place, ní Shoreditch, èyí tí David Adjaye ya àwòrán rẹ̀. Láti ìparí 2024 wọ 2025, ilé náà ṣe àfihàn àwọn fọ́tò tó yà nínú stúdíò rẹ̀.

Fóònù ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká padà sí ẹjọ́ wa. N kò ní bú fóònù. Fóònù ni mo fi ń ya fọ́tò tèmi, bí mo bá gun òkè lọ sí Severndroog Castle tàbí Oxleas Wood tí mo sì rí London lọ súà nísàlẹ̀. Fóònù wà lápò nígbà gbogbo. Kó tó di pé ayafọ́tò ṣí àpò rẹ̀, ọmọ ti rẹ́rìn-ín tán. Kí àkàrà tó tutù, fọ́tò ti dé Ìbàdàn lórí WhatsApp.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà ńlá tí àwọn ayafọ́tò ìgbéyàwó ń lò jẹ́ mílímítà 36 sí 24. Tinú ọ̀pọ̀ fóònù olówó gọbọi, nǹkan bí 10 sí 7 ni. Ìlọ́po méjìlá ni ọ̀kan fi ju èkejì lọ. Fóònù mọ̀ pé òun kéré, ló bá ń fi ọgbọ́n ṣe é. Ó ń ya fọ́tò púpọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó ń pa wọ́n pọ̀, ó ń wá ojú ènìyàn, ó ń tan iná sí ibi tó ṣókùnkùn, ó ń rẹ ibi tó mọ́lẹ̀ jù sílẹ̀. Ẹ̀yìn fúlẹ́fúlẹ́ yẹn náà, ìṣirò ló fi ń ṣe é, ìdí nìyẹn tó fi máa ń gé etí gèlè ìyàwó dànù nígbà mìíràn. Ọgbọ́n náà dára. Àmọ́ ìpinnu ni gbogbo rẹ̀, ẹlòmíràn ló sì ti ṣe ìpinnu náà kí fóònù tó dé ọwọ́ yín. Tí ẹ bá gbé fóònù síwájú irú ọkùnrin tí Rótìmí gbé síwájú òkùnkùn, tí ẹ kò sì yí nǹkankan, ohun àkọ́kọ́ tí yóò fẹ́ ṣe ni kó lé òkùnkùn náà lọ.

Àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fúnra wọn ti rí i. Ní 2021, Google gbé ohun tí wọ́n pè ní Real Tone jáde nínú fóònù Pixel 6, kí kámẹ́rà lè ya àwọ̀ dúdú bó ṣe rí. Ó dáa bẹ́ẹ̀, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún náà: ọdún 32 lẹ́yìn tí Rótìmí ti kú. Ohun tí ilé iṣẹ́ ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi kọ̀ǹpútà ṣe, ọmọ Ifẹ̀ kan ti fi ọwọ́ ṣe é ní Brixton, pẹ̀lú fíìmù tó ń gba fọ́tò 12.

Nítorí náà, ìdáhùn tèmi sí ẹjọ́ yìí: kì í ṣe ohun tó wà lọ́wọ́ ni, ẹni tó ń pinnu iye ìmọ́lẹ̀ ni. Ayafọ́tò tó gbé kámẹ́rà olówó ńlá, tó sì fi í sí orí Auto láti ìbẹ̀rẹ̀ àríyá dé ìparí, ẹ má san owó manual fún un. Bí ẹ bá fẹ́ gba ayafọ́tò fún ìgbéyàwó, ẹ ní kó fi fọ́tò tó yà nínú gbọ̀ngàn lálẹ́ hàn yín, kì í ṣe ti ọ̀sán gangan nínú ọgbà. Ẹ wo ojú àwọn tó dúdú jù níbẹ̀. Tí ẹ bá rí wọn ketekete, tí aṣọ funfun ìyàwó náà sì mọ́, ẹni yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ sì máa fi fóònù yà á, ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni tí ẹ ń yà lórí fóònù. Àmì kékeré bí oòrùn máa jáde lórí ọ̀pọ̀ fóònù. Ẹ fà á sísàlẹ̀ díẹ̀, ẹ ó rí i pé àwọ̀ ara padà wá. Ọ̀pọ̀ fóònù Android ní ibi tí wọ́n kọ Pro sí. Níbẹ̀, ẹ lè yí àkókò àti agbára ìmọ́lẹ̀ fúnra yín. Ihò nìkan ni kì í yí nínú èyí tó pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Thamesmead ní ọmọbìnrin kan tó fẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ fọ́tò ní yunifásítì. Bàbá náà ní, ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò. Mo lọ lóòótọ́. Mo ṣírò owó ilé ìwé fún àwọn méjèèjì, mo sọ iye gbèsè tó máa wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí iṣẹ́ mi nìyẹn, n kò sì lè purọ́. Lẹ́yìn náà mo sọ ìtàn Rótìmí fún wọn. Mo sọ fún bàbá pé ọmọ yìí náà ti ka ọrọ̀-ajé, ó gba oyè rẹ̀, ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò sì kúrò níbẹ̀. Mo sọ fún ọmọ pé ọdún mẹ́jọ ló fi wà níbi ẹ̀kọ́ àti ìwé láàárín 1976 sí 1983, tí a bá ka méjèèjì mọ́ ọn, kí ó má rò pé fóònù tó dára ti tó. Wọn kò tíì fẹnu kò. N kò bá wọn fi ipá parí rẹ̀.

Ohun tí mo rọ̀ wọ́n láti ṣe náà ni mo ń rọ ẹ̀yin òǹkàwé. Ẹ wọ Elizabeth line ní Woolwich, ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Liverpool Street, ẹ fẹsẹ̀ rìn díẹ̀ dé Rivington Place. Wọn kì í gba owó ìwọlé. Kò dájú pé iṣẹ́ Rótìmí ni ẹ máa bá lára ògiri lọ́jọ́ náà, torí wọ́n ń pààrọ̀ àfihàn. Ṣùgbọ́n ilé tí ọmọ wa bá wọn fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ni, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ tiwa mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ mú wọn dání, ẹ jẹ́ kí wọ́n mú fóònù wọn náà.

Ó dìgbà kan ná. Ire o.